Ta Ni Ó Ní Kò Sí Yorùbá Fún Un?

Inú ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Mushin lo áyódíìnì 131 fún àrùn gẹ̀gẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan. A ní kí wọ́n padà wá ya àwòrán lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin. Wọn kò padà. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà yóò jó àwọn. Mo bi òṣìṣẹ́ kan pé èé ṣe tí a kò là wọ́n lọ́yẹ. Ó ní, "Kò sí Yorùbá fún un."

Irọ́ funfun báláú!

Kámẹ́rà gámà kì í tan ohunkóhun sí ara. Oògùn ni ó ń tan ìtànṣán jáde láti inú. Kámẹ́rà kàn ń kà á láti igun púpọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò to àwọn àwòrán náà jọ bí búrẹ́dì tí a gé, kí a lè mọ ibi tí oògùn wà àti bí ó ti pọ̀ tó. Ọjọ́ 8 ni agbára áyódíìnì 131 fi ń dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n a tún ń tọ̀ ọ́ dànù, ara kò sì rí bákan náà. Ìdí nìyí tí a fi ń ya àwòrán léraléra. Ẹni tí kò padà, ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀yà ara rẹ̀ gbà di àfojúdá.

Ọ̀rọ̀ wo ni ó ṣòro níbẹ̀?

Láti 2006 ni UCH Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irú àwòrán yìí. Yunifásítì Èkó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Akọka, ó ń kọ́ni ní ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà. Kí ará Akọka gba Ìdí-Àràbà lọ, kí wọ́n jọ kọ ìwé pélébé kan fún aláìsàn.

Èdè wa tó o sọ. Àwa ni a kò sọ ọ́.