Kí A Tó Bú Rẹfirí, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Òfin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹjọ́ ni mo wá rò lónìí, èmi gan-an sì ni ẹlẹ́bi àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ yín ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, wọ́n sì fi àmì méjì ṣíwájú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gba bọ́ọ̀lù, ó sáré lọ sábẹ́ àwọ̀n, ó kọlu ọmọkùnrin kan tó ti dúró síbẹ̀, ìyẹn ṣubú yakata, lẹ́yìn náà ni ọmọ wa ju bọ́ọ̀lù wọlé. A hó yèè! Àfi bí fèrè ṣe dún. Rẹfirí ní ayò náà kò jẹ́, ó ní ọmọ wa ló ṣẹ̀, ó sì ní kó jáde kúrò nínú eré pátápátá.

Mo fò dìde. Mo ní ojúsàájú ni, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ wa kò tíì pé mẹ́fà. Ẹnì kan lẹ́yìn mi fi kún un pé torí pé a jẹ́ Yorùbá ni. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo wa ti sọ ọ́ di orin. Ọmọ tí wọ́n lé jáde yẹn ló wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n dákẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi." N kò dá a lóhùn.

Nígbà tí mo dé ilé ní Nassarawa lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ Nupe kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, tí a jọ ń pọnmi, tí a jọ ń jẹun, kò bá mi ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun náà wà ní pápá. Ó bi mí pé ṣé ohun tí mo ti ń rò nípa àwọn láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ẹnu mi wọ́ wòkè. Ọjọ́ kejì ni mo wá ìwé òfin eré náà kà.

Ohun tí mo rí nìyí. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ James Naismith ló dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òfin 13 péré ló fi bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti kà á léèwọ̀ láti fi èjìká gbún ẹlòmíràn, láti tì í tàbí láti dì í mú. Ènìyàn márùn-ún ló ń wà lórí pápá ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Òrùka irin tí a ń ju bọ́ọ̀lù sí ga ní mítà 3.05. Ayò lásán jẹ́ àmì méjì, èyí tí a jù láti ẹ̀yìn ìlà ọ̀nà jíjìn jẹ́ mẹ́ta, èyí tí a fi san ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ rìn gbọ́dọ̀ máa lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ méjèèjì gbá a mú, kò gbọdọ̀ tún lù ú mọ́. Ìhà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 8 láti kọjá ìlà àárín, wọ́n sì ní 24 láti jù ú sí àwọ̀n.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tiwa. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ gba ààyè rẹ̀, tó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, tó dojú kọ ẹni tó ń bọ̀, òun ló ni ibẹ̀. Bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá lọ kọlù ú láyà, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ló ṣẹ̀. Ti ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà tí mo ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Ti NBA, tí à ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n, ni. Ìṣẹ́jú 12 lọ́nà mẹ́rin ni àwọn ń gbá. Òfin FIBA, àjọ àgbáyé, là ń lò ní Nàìjíríà: ìṣẹ́jú 10 lọ́nà mẹ́rin, ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún, ilé yá. Márùn-ún ọmọ wa sì ti pé. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn, níí mú èkúté-ilé pe ológbò níjà.

Àwọn kan yóò ní eré lásán ni, kí ló dé tí mo ń fà á gùn. Ẹ̀yin ará, a lè gbàgbé ayò, ṣùgbọ́n ẹni tí a pè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò ní tètè gbàgbé. N kò sọ pé ojúsàájú kò sí láyé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ òfin kò lè dá ojúsàájú mọ̀ yàtọ̀ sí òdodo. Bí a bá sì ń ké "ìrẹ́jẹ" sí gbogbo fèrè, lọ́jọ́ tí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ gan-an, ta ni yóò gbà wá gbọ́?

A máa ń fi Hakeem Ọlájùwọ́n yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó yẹn ti di ọ̀dọ́langba kó tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Ó fara balẹ̀ kọ́ ọ ni, kó tó gba ife-ẹ̀yẹ NBA pẹ̀lú Houston Rockets ní 1994 àti 1995. Àwọn obìnrin wa, D'Tigress, náà ló kọ́kọ́ gbé Áfíríkà dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù nínú eré yìí ní Òlíḿpíìkì, ní Paris lọ́dún 2024. Wọn kò fi ariwo débẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dá àbá méjì. Èkíní, kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ìpàdé wa kí a tó tún gbá eré mìíràn, kí ọmọ tí wọ́n lé jáde yẹn kọ́ wa ní òfin, nítorí ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa rán ènìyàn lọ bẹ ẹgbẹ́ kejì. Èmi ti lọ bẹ rẹfirí ní tèmi, mo sì ti bẹ aládùúgbò mi ní Nassarawa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá jẹun.

Ire o.