Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìkòkò Ni Kí Á Wò



Àlàájà kan tí ó ń ná ọjà Kútọnu mú ìbéèrè kan wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ. Bí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ a máa bẹ ìyá wọn pé kí ó se oúnjẹ Faransé nílé bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, nítorí ọjọ́ náà ni ọdún orílẹ̀-èdè Faransé. Baba kọ̀ jálẹ̀, ó ní oúnjẹ kèfèrí ni. Ìyá ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ó ra ẹran, ó sì ra ìgò wáìnì kan tí ìwé ìdáná ní kí ó dà sí i, ó ní iná yóò jó ọtí náà tán. Ọ̀rọ̀ di ìjà láàrin tọkọtaya. Àlàájà wá ní kí n sọ ẹni tí ó jàre.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdájọ́ mi ni pé olúkúlùkù wọn jàre lápá kan, ó sì jẹ̀bi lápá kan. Orúkọ ọbẹ̀, tàbí orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sè é, kò lè sọ ọ́ di haráàmù. Ohun tí ó wà nínú ìkòkò ni kí á wò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1789 ni àwọn ará Párísì ya bo ilé ẹ̀wọ̀n ọba tí à ń pè ní Bastille. Ẹlẹ́wọ̀n méje péré ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń wá lọ. Ìkórè ọdún 1788 ti bàjẹ́, búrẹ́dì sì ti wọ́n gógó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1789 kan náà, àwọn obìnrin ọjà Párísì fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ọba ní ààfin rẹ̀ ní Versailles, wọ́n ní búrẹ́dì ni àwọn ń fẹ́. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ yín kò bẹ̀rẹ̀ lónìí! Òfin ọdún 1880 ni ó wá sọ 14 oṣù Keje di ọjọ́ ọdún gbogbo ìlú. Wọn kò bọ òrìṣà lọ́jọ́ náà, wọn kò sì gbàdúrà sí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìjọba ni, gẹ́gẹ́ bí 1 oṣù Kẹwàá ti jẹ́ fún àwa ará Nàìjíríà, tí 1 oṣù Kẹjọ sì jẹ́ fún àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu.

Mo mọ̀ pé àwọn àáfáà kan yóò rán mi létí pé nígbà tí Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ará ìlú tí wọ́n ń ṣeré ní ọjọ́ méjì kan, ó sì sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti fi ọdún méjì tí ó sàn jù rọ́pò wọn. Òótọ́ ni. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá ni ọdún ẹ̀sìn wa, a kò sì ní ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó se oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjọba ní kí á sinmi kò dá ọdún ẹ̀sìn sílẹ̀. Kò kírun kan lé e, kò sì yọ irun kan kúrò.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìkòkò. Ní ti ìyá, mo fẹ́ kí ó gbọ́ èyí dáadáa. Súrátù Máídà, ẹsẹ̀ 90, ti ka ọtí mọ́ èérí nínú iṣẹ́ èṣù, kò sì yọ èyí tí a fi se ọbẹ̀ sílẹ̀. Pé iná ń jó o tán kì í ṣe òótọ́. Ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ti wọ̀n ọ́n: bí a bá se ọtí nínú ọbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bí ó bá pé wákàtí kan, ó ku ìdá 25, bí ó tilẹ̀ pé wákàtí méjì ààbọ̀, ó ku ìdá 5. Ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pa ènìyàn, díẹ̀ rẹ̀ pàápàá haráàmù ni. Nítorí náà, àkùkọ tí wọ́n fi wáìnì sè, tí wọ́n ń pè ní coq au vin, àti ẹran màlúù ti ìlú Bourgogne tí wọ́n ń fi wáìnì pupa sè, kì í ṣe tiwa bí wọ́n ti ń sè é níbẹ̀.

Ní ti baba, mo bi í: tòmátì àti ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ nílé wa, ṣebí láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá? Ta ni ó bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn? Oúnjẹ Faransé kì í ṣe ìkòkò kan ṣoṣo. Ní ìhà gúúsù, lápá Nice, wọ́n ń fi irú ìkàn ńlá kan, tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà, aáyù àti òróró ólífì se ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ratatouille. Kò sí ẹran nínú rẹ̀ rárá. Ní Brittany, wọ́n ń dín àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí irin gbígbóná, a sì lè fi ẹyin àti wàràkàṣì sí i. Adìẹ tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà sè nínú omi wà pẹ̀lú, àti itan àgùntàn yíyan. Bí a bá ra ẹran náà lọ́wọ́ alápatà tí ó dú u ní ìlànà wa, kí ni ó kù tí à ń jà sí? Mọ́ṣáláṣí ńlá mẹ́ta, ti Párísì, ti Lyon àti ti Évry, ni ìjọba Faransé fún ní àṣẹ láti yan àwọn tí yóò máa dú ẹran fún àwọn Mùsùlùmí.

Bí ìyá bá sì fẹ́ kí ọbẹ̀ ẹran màlúù rẹ̀ kan díẹ̀ bí ti Bourgogne, kí ó lo omi egungun, tòmátì àti ọtí kíkan díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín: ọtí ni à ń pè é lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í pa ènìyàn. Àwọn onímọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé wáìnì tí ó bá fúnra rẹ̀ yí padà di kíkan ti di haláàlì, Ànábì wa sì yìn ín ní ohun ìjẹun. Ní ìdà kejì, ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní quiche lorraine. Ẹyin àti wàrà ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà ní abẹ́ rẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ burú dára, èyí tí ojú rẹ̀ dára burú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Agolo àti páálí láti ilẹ̀ Faransé ń gba Kútọnu wọ ọjà wa. Kí ẹ tó tà á fún Mùsùlùmí, ẹ wo ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí porc tàbí lardons, ẹlẹ́dẹ̀ ni; saindoux ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀; vin ni wáìnì; rhum, ọtí líle ni. Bí ó bá jẹ́ gélatine, ẹ béèrè ẹran tí wọ́n ti mú un jáde, nítorí ti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè béèrè. Ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́ nítorí èrè, owó náà kò ní bùkún.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìjà tọkọtaya yìí ni àwọn ọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá àti ọjọ́ kẹrìnlá, ijó máa ń wà káàkiri ìlú Faransé, àní ní àgọ́ àwọn panápaná, ọtí a sì máa ṣàn níbẹ̀. Ọmọ tí a lé kúrò nídìí ìkòkò ìyá rẹ̀, níbo ni ẹ rò pé yóò lọ jẹun? Ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ni ibẹ̀ jẹ́. Mọ́ṣáláṣí Párísì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1926 wà níbẹ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí tí wọ́n kú fún ilẹ̀ Faransé nínú ogun 1914 sí 1918. Àlejò kọ́ ni Mùsùlùmí ní ilẹ̀ náà. Kúskúsù àwọn ará Àlùjíríà àti Mòrókò pàápàá ti di ohun tí àwọn Faransé fúnra wọn ń jẹ pẹ̀lú ìfẹ́.

Àlàájà, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kí ó da wáìnì náà nù, kí ó sì jẹ́ kí aya rẹ̀ dáná. Kí wọ́n ṣe Bísímílà, kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́, kí wọ́n má fi ṣòfò. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ebi búrẹ́dì ń pa wà nínú ìtàn ọjọ́ náà, kí wọ́n bu díẹ̀ fún aládùúgbò tí kò ní, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà má ṣe é.

Kí Ọlọ́run Ọba fi haláàlì tó wa, kí ó sì mú haráàmù jìnnà sí wa. Àmín.