Ẹ Fi Ẹni Tí Èébì Ń Gbé Lọ́rùn Sílẹ̀

Ó ti sú wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣèèṣì ní "I am nauseous", àwọn ọ̀mọ̀ràn wa kò ní bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín: "Nauseated lo fẹ́ sọ! Nauseous ni ohun tó ń kóni nírìíra. Àbí ìwọ lò ń kó wa nírìíra ni?"

Ta ló kọ́ yín? Nauseate tí ẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ni gbòǹgbò rẹ̀. Naus ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe ọkọ̀ ojú omi. Nausia sì ni èébì tó ń gbé èrò ọkọ̀ nígbà tí òkun bá ń ru. Àwọn ará Róòmù gbà á, wọ́n sì ń lò ó fún ìríra pẹ̀lú. Nígbà tó fi máa wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọkọ̀ ti rì nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tí èébì ń gbé lè ní òun nauseate. Ẹni tó kọ oúnjẹ nítorí ìríra náà lè ní òun nauseate rẹ̀. Méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lónìí, a ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sunkún. Láti ọ̀rúndún yẹn kan náà ni nauseous ti ní ìtumọ̀ méjì, ti aláìsàn àti ti ohun ìríra. Òfin tí ẹ fi ń na èèyàn, àná ló dé. Ìwé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster kò tilẹ̀ fi bò: ẹni tó bá pè é ní àṣìṣe, òun gan-an ló ṣì í.

Èyí tó wá ń dùn wá jù ni pé, ẹ bi àwọn onígírámà yìí níbi tí "kórìíra" ti wá, wọn á máa wòkè. Kó ìríra ni o! Ìríra fúnra rẹ̀, inú "ó ń rí mi lára" ló ti jáde. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ara ni ìkórìíra ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lè wú egungun Gíríìkì, ẹ ò mọ ohun tó wà lẹ́nu ara yín.

Bí ẹnìkan bá tún sọ ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ bá a wá ike àti omi tútù. Bó bá bì tán, tí ẹ sì ṣì fẹ́ jiyàn, àwa wà níbí.