Ta Ni Ó Pa Á, Tàbí Kí Ni Ó Pa Á?

Bí abiyamọ bá kú sí ọwọ́ àwọn oníwòsàn, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu aráyé ni pé, Ta ni ó pa á? Agbẹ̀bí ni a óò nawọ́ sí, tàbí àjẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ jẹrà kì í bá ọkọ́ rẹ̀ jà. Ebè ni í tú wò.

Ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ìyàrá ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà. Àwọn ọkùnrin tí ń kọ́ ìṣègùn ni ń ṣiṣẹ́ ní ti ìkíní, àwọn obìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ti ìkejì. Ní 1846, nínú obìnrin 4,010 tí ó bímọ ní ti ìkíní, 459 ni ó kú. Nínú 3,754 ti ìkejì, 105 ni. Ibà tí í mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ni ó ń pa wọ́n. Àwọn aláboyún ìlú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe mú wọn lọ sí ti ìkíní.

Ìgbìmọ̀ tí a yàn láti wádìí ọ̀ràn náà ṣe bí ayé ti í ṣe: wọ́n wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ le jù, pàápàá ti àwọn àlejò. A lé púpọ̀ nínú wọn. Ikú rọlẹ̀ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gbérí. Ní oṣù Kẹrin 1847, nínú obìnrin 312, 57 kú.

Dókítà Ignaz Semmelweis, ọmọ ilẹ̀ Hungary, kò wá ẹni. Ohun tí ó yàtọ̀ láàárín ìyàrá méjèèjì ni ó ń wá. Àwọn kan ní ẹ̀rù agogo àlùfáà tí ń gba àárín àwọn aláboyún kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń kú lọ ni ó ń pa wọ́n. Semmelweis bẹ àlùfáà pé kí ó gba ọ̀nà mìíràn láìlu agogo. Ikú kò dín. (Kí olùfọkànsìn má ṣe bínú sí i, ẹni tí ń wá òtítọ́ níláti bi agogo pàápàá léèrè.)

Ní oṣù Kẹta 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka kú. Ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó gún un níbi tí wọ́n ti ń la òkú wò, àìsàn tí ó sì pa á jọ ti àwọn obìnrin náà. Nígbà náà ni ojú Semmelweis là. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ti ìdí òkú lọ sọ́dọ̀ aláboyún. Àwọn agbẹ̀bí kì í la òkú. Òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú a máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní òròòwúrọ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ iye obìnrin tí òun ti tipa bẹ́ẹ̀ rán sí ibojì. Ní oṣù Kàrún-ún ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi klórínì wẹ ọwọ́. Ní 1848, nínú obìnrin 3,556 ti ìyàrá ìkíní, 45 péré ni ó kú.

Kò sí ènìyàn búburú kan nínú ọ̀ràn yìí. Ìtara ẹ̀kọ́ gan-an ni ọ̀nà tí ikú gbà wọlé, bí a bá sì lé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ, ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn alàgbà abúlé tó kígbe lé nọ́ọ̀sì lórí, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá omi wà nínú ìkòkò ilé ìgbẹ̀bí ní òru ọjọ́ náà, ta ni a fi pípọn rẹ̀ sí lọ́wọ́, àti aláboyún mélòó ni nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń tọ́jú láìsùn.