Ẹ Má Tíì Dá Ráàkì Lẹ́bi

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Àmọ́ ẹ gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan síwájú wa, kí ẹ ní sítíárìn rẹ̀ ń le níbì kan, ó sì ń fúyẹ́ níbòmíràn, ẹ ó gbọ́ ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa máa sọ: "Ẹ pààrọ̀ ráàkì." Ẹnikẹ́ni ò tíì fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Ẹnikẹ́ni ò tíì tú nọ́ọ̀tì kan. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ráàkì kó tó dé kóòtù.

Àwa ò fara mọ́ ọn. Sítíárìn tó ń le tó sì tún ń fúyẹ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó bá pààrọ̀ irin kó tó wo ibi tó ń júwe, owó ló ń fi ṣòfò, ẹ̀mí èèyàn ló sì fi ń ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká fi MGB ṣe àpẹẹrẹ, spọ́ọ̀tì káà kékeré tí wọ́n ṣe ní Abingdon, ní England, láti 1962 di 1980. Ó lé ní 500,000 tí wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń rìn títí dòní. Kò ní power steering, nítorí náà ohunkóhun tó bá ń há nísàlẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ máa mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí agbára ọwọ́ ń gbà kò lọ́jú pọ̀: ó gba inú ọ̀pá sítíárìn lọ sínú universal joint kan ṣoṣo, ó dé pinion, ìyẹn jíà kékeré tó ń ti ráàkì sọ́tùn-ún sósì. Ráàkì fa tie rod, tie rod sì yí ẹsẹ̀ iwájú lórí kingpin. Ibi tí àìsàn lè fara pa mọ́ sí kò ju bíi mẹ́rin lọ. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀kan péré là ń fẹ̀sùn kàn?

Ká kọ́kọ́ ya wíwúwo sọ́tọ̀ kúrò lára híhá. Bí sítíárìn bá wúwo bákan náà láti òpin dé òpin, ẹ wo atẹ́gùn táyà, ẹ sì wo kingpin. Ihò gírísì mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lára MGB, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gbàgbé wọn. Kingpin tó bá gbẹ kì í jẹ́ kí sítíárìn padà sáàárín fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ń há ní ojú kan, tó tún ń sílẹ̀ ní ojú kejì, ẹ kà á. Bó bá ń le lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyí sítíárìn kan, universal joint ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yin ará Mechanical, ẹ ti kọ èyí nínú ìdánwò: bí joint kan ṣoṣo bá so ọ̀pá méjì pọ̀ ní igun 30°, bí ọ̀pá àkọ́kọ́ tilẹ̀ ń yí bákan náà, ìyára èkejì á máa lọ sókè sódò láàárín ìlọ́po 0.866 àti 1.155, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyí kọ̀ọ̀kan. Ní igun 10°, ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ bá wá mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ṣeé ṣe kí bẹ́árìn joint náà ti dípẹtà, tàbí kí ọ̀pá sítíárìn àti pinion má pàdé láàárín gbùngbùn joint náà mọ́. Ìwé àtúnṣe MGB ní kí wọ́n fi shim tò ó kí méjèèjì lè pàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá ju shim wọ̀nyẹn nù níbi tó ti ń de ráàkì tuntun, ó ti fi owó ara rẹ̀ ra àìsàn.

Bó bá jẹ́ pé ojú kan náà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń dojú kọ ní gbogbo ìgbà tó bá há, ìgbà yẹn ni ká tó bi ráàkì léèrè. Eyín ráàkì máa ń jẹ ní àárín, torí ibẹ̀ la ti ń lò ó jù. Ẹnì kan á rí i pé ó ń mì, á fún dámpà tó ń ti ráàkì mọ́ pinion. Àárín á dára, ṣùgbọ́n ibi tí eyín ò tíì jẹ á wá há. A ò sọ pé ráàkì kì í jẹ̀bi. Ohun tí a ń sọ ni pé ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ gbé e lé orí ìdúró tó lágbára, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ tú tie rod méjèèjì kúrò lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ wá yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń yọ̀ geere, ráàkì ti bọ́ nínú ẹ̀sùn: ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Bó bá ṣì ń há, ẹ tú joint kúrò lára pinion, kí ẹ fi ọwọ́ yí pinion nìkan. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá òkè ló wà tàbí ìsàlẹ̀.

Àwọn kan á ní kò sáyè. Ẹ dákun, ṣé ẹ lè yọ ráàkì láìtú tie rod àti joint yìí kan náà? Ojú ọ̀nà ni ìdánwò náà wà. Ẹ kàn ń sáré kọjá lára rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ àtijọ́ ni, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Irọ́ ni. Ọkọ̀ tí kò ní power steering lè wúwo. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ṣe sítíárìn kó máa há láàárín kọ́ọ̀nù. Awakọ̀ á fi agbára kún un nígbà tó bá le, á ṣàdédé fúyẹ́, ọkọ̀ á sì yà ju ibi tó fẹ́ lọ. Ní kọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀ níwájú, ẹ mọ ohun tó lè tìdí ẹ̀ yọ.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wà nínú ẹgbẹ́ aláfọ̀ọ́fà yìí. A mọ fọ́múlà joint lórí, a ó sì dé ìdí ọkọ̀ tán, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́. Nígbà mìíràn tí "pààrọ̀ ráàkì" bá fẹ́ yọ lẹ́nu yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ẹ̀ẹ̀melòó ló ń le nínú ìyí kan?