Bí A Bá Yọ Iná Oríta, Kí Ni A Ó Fi Rọ́pò Rẹ̀?

 

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ iná oríta tó wà níwájú géètì ilé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìpàdé rú. Ó ti pẹ́ tí iná náà ti kú. Àwa kan ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá tún un ṣe. Ni ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa bá dìde, ó ní kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé ní ilẹ̀ Hóláńdì ńṣe ni wọ́n ń yọ iná kúrò, tí jàǹbá sì ń dínkù. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí òótọ́ wà nínú ohun tí ó sọ.

Ẹnjiníà ojú ọ̀nà kan wà ní àgbègbè Friesland ní Hóláńdì, Hans Monderman ni orúkọ rẹ̀, ó kú ní ọdún 2008. Ohun tí ó ń wí ni pé bí iná àti pátákó bá pọ̀ jù, awakọ̀ kò ní wo ènìyàn mọ́, iná ni yóò máa wò. Ní ìlú Drachten, ní oríta Laweiplein tí ọkọ̀ bí 20,000 ń gbà kọjá lóòjọ́, wọ́n yọ iná kúrò. Jàǹbá dínkù, ọkọ̀ kò sì dúró pẹ́ mọ́. Monderman a máa fi ẹ̀yìn rìn wọ àárín ọkọ̀ níbẹ̀ láti fi han àlejò pé wọn yóò dúró fún un. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò ní oríta tiwa o.

Ṣùgbọ́n wọn kò kàn hú òpó iná kí wọ́n sì gba ilé lọ. Wọ́n tún oríta náà kọ́: ráńdábáàtì ní àárín, ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀, ojú ọ̀nà tó rí bí àgbàlá tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò lè sáré níbẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ mọ èyí dáadáa. Bí máníjà bá ní kí a yọ ìbòrí orí ẹ̀rọ, pé ẹni tó bá ń rí abẹ náà kedere yóò ṣọ́ ìka rẹ̀, a ó bi í bóyá ó ti dín eré ẹ̀rọ náà kù. Bí kò bá tíì dín in kù, ìka wa ni ó fẹ́ fi ṣe ìdánwò.

Ẹ̀rù nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, àwọn ará Swídìn kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Gbogbo awakọ̀ Swídìn ń ṣọ́ra, jàǹbá dínkù. Nígbà tí ojú wọn mọ́ ọn tán, jàǹbá padà sí bó ṣe wà.

Iná tiwa ti kú, kí ni a rí? Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tóbi jù ni ó ń kọ́kọ́ kọjá. Lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀sì kan gbá arábìnrin wa kan tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́ dòní. Awakọ̀ náà ní òun rò pé ó ti rí òun. A kò bú u. Òṣìṣẹ́ ni òun náà, owó tí yóò jẹ́ fún olówó ọkọ̀ lálẹ́ ni ó ń lé. Ta ni yóò fún un ní àyè láti máa wo ojú ẹlẹ́sẹ̀?

Afọ́jú ńkọ́? Àwọn afọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ráhùn gidigidi lórí irú ọ̀nà yìí, àwọn tí kò lè wo ojú awakọ̀, débi pé ní ọdún 2018 ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú dáwọ́ dúró ná lórí èyí tí kò ní ẹ̀bá ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, lójú tiwa, kí a kọ ìwé náà. Kí a bèèrè iná, kí a sì bèèrè bọ́ǹpù ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀bá ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà rìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ti Drachten fún wa lódindi, a ó bá wọn hú òpó iná náà. Ọjọ́bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí, ní aago mẹ́rin, lẹ́yìn ṣíìfù òwúrọ̀. Kí awakọ̀ tó mú ọ̀rọ̀ Hóláńdì wá má ṣe àìwá, a nílò rẹ̀ láti bá wa kọ ọ́.