Ẹjọ́ omi ni, kì í ṣe ẹjọ́ òfíò

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Erékùṣù Èkó, Etí-Ọ̀sà, Kòsọ́fẹ́ àti Ìkòròdú wà lára ibi tí ó ti jà jù. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí ó bá a lọ ti lé ní 20. Àwọn aláṣẹ ètò ìlera fura sí omi òfíò inú ike tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Kíá ni òfíò di ohun àsáfún, tí àwọn tí ń tà á sì di ẹni àfojúburúkúwò.

Òfíò kò gbé kòkòrò onígbáméjì bọ̀ láti oko. Inú ìfun ènìyàn ni kòkòrò náà ti ń pọ̀ sí i. Ìgbẹ́ ni ó ń bá jáde, ẹnu ẹlòmíràn ni ó sì ń wá lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kó o kì í ṣàìsàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yà á dànù fún ọjọ́ mélòó kan láìmọ̀.

Kí ni ó wá mú òfíò léwu? Wọn yóò rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò bu omi lé e, wọn yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọn yóò sì rọ ọ́ sínú ike. Iná kò kàn án níbì kankan. Yìnyín tí wọ́n ń kó lé e lórí kì í pa kòkòrò yìí. Omi tí kò mọ́ ni yìnyín mìíràn pàápàá jẹ́ kó tó dì. Bí wọ́n bá fi irú omi kan náà po ẹ̀kọ, tí ó hó dáadáa lórí iná, ẹni tí ó mu ún gbígbóná yóò yọ.

Omi yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èkó tí ọ̀sà àti òkun yí ká, omi mímu ni ó ń ṣòro níbẹ̀. Kànga wà nítòsí ṣáláńgá nínú agbolé kan náà. Páìpù omi ń gba inú gọ́tà kọjá. Bí òjò Òkúdù bá sì dé, gbogbo rẹ̀ a dàpọ̀. Obìnrin tí ó ra kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà ní ìdájí kò lè mọ kànga tí wọ́n ti fà á. Lóòótọ́, alóúnjẹ tí ó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ tí kò fọwọ́ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti fọ̀ ọ́ nínú ọjà tí kò ní ẹ̀rọ omi?

Àrùn yìí kì í jẹ ìfun. Májèlé rẹ̀ ni ó ń mú kí ìfun máa da omi ara síta, títí ìgbẹ́ yóò fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ó lè pa alágbára láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tí ilé lè kọ́kọ́ fún aláìsàn kí ó tó dé ilé ìwòsàn kò wọ́n: ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi kan. Omi mímọ́ ni o. Adúgbò tí àrùn náà ti ń jà gan-an ni kò ní in.

Lílé àwọn tí ń kiri òfíò kò gba ju ọjọ́ kan lọ. Kí ìjọba yẹ àwọn kànga wò kí òjò tó dé, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ ọjà.